Ọwọ́ Tí Àbẹ́là Kò Jó

Oníbàárà mi ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀ náà. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìyànà Ọ̀fà ni, ó sá wá dirun nígbà ìsinmi ọ̀sán. Mo ti di irun rẹ̀ tán, mo ń fi bíléèdì gé ìdí òwú. Ó kàn fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó wo ọwọ́ náà, ó ní, "Ìyá Tómi, kí lẹ ń kán sí mi lọ́rùn?" Mo wo ọwọ́ òsì mi. Bíléèdì ti la ìka tó kéré jù níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ba kọ́là aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́, èmi kò sì mọ̀ rárá. Ìka mi ni, èmi ni mo gé e, oníbàárà ló wá sọ fún mi.

Ó yọ ṣùtì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fi omi tútù fọ kọ́là náà, ó lọ, kò sì padà wá mọ́. N kò bá a wí. Bí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá kán sí èmi náà lọ́rùn, n kò ní padà. Láti kékeré ni nǹkan ti tètè máa ń rí mi lára. N kì í mu omi nínú ife tí ẹlòmíràn ti fẹnu kàn, bí ẹnikẹ́ni bá sì fun ikun lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi, mo ti jẹun tán nìyẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ẹni tí àìsàn yìí wá bá.

Kí ẹ̀jẹ̀ yẹn tó kán ni àmì kan ti wà ní apá òsì mi, lókè ìgúnpá. Kò ju ìdérí ìgò míńírà lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó pọ́n díẹ̀, ó ṣí ju ara yòókù lọ, kò yún mi, kò sì dùn mí. Làpálàpá ni mo pè é. Ẹni tó ń ta oògùn ní kẹ́mísì náà pè é ní làpálàpá, ó fún mi ní ìpara, mo fi para títí tó fi tán. Lẹ́yìn náà mo gbà pé ríláṣà tí mo fi ń na irun àwọn èèyàn ló ń bá mi jà. Kò dùn mí, nítorí náà n kò kà á sí. Ẹ jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn àìsàn yìí wà. Ohun tó bá ń dunni ni à ń wá oògùn sí. Èyí tí kò dunni, a máa ń fi í sílẹ̀ ni.

Ó fẹ̀ sí i. Òmíràn yọ ní ẹ̀yìn mi, òmíràn ní itan, títí wọn kò fi ṣeé fi ọwọ́ kan kà mọ́. Ìka méjì tó kẹ́yìn ní ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kò. Ẹni tó bá ń dirun mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló ń ya irun, tó ń dì í mú kí ọ̀tún tó kó o. Kóòmù ń bọ́ lọ́wọ́ mi, ojú irun ń wọ́. Ọwọ́ yìí ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti gba òmìnira iṣẹ́, n kò ní iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí gan-an.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa, ló gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Wòólì. Ìjọ aláṣọ funfun ni ìjọ wa. Wòólì gbàdúrà, ó ní wọ́n fi Náámánì han òun, olórí ogun Síríà inú Bíbélì, tó ní ẹ̀tẹ̀, tí wòólì Èlíṣà ní kó lọ wẹ̀ nígbà méje ní odò Jọ́dánì, tí ara rẹ̀ sì mọ́. Ó ní kí èmi náà lọ wẹ̀ nígbà méje nínú odò tó ń ṣàn. Kò sọ pé ẹ̀tẹ̀ ló ń ṣe mí o. Ìwẹ̀ náà ló rí, kò rí àrùn náà.

Odò tí wọ́n mú mi lọ wà lẹ́yìn abúlé kan tí kò jìnnà sí wa. Lókè odò náà ni àwọn tó ń ṣe fùfú ń rẹ ẹ̀gẹ́ sí, wọ́n kó o sínú àpò, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́. Omi náà ń hó, ó ń rùn bí ẹnu tí a kò fọ̀ láti àná. Wọ́n fi kàn-ìn-kàn-ìn tuntun bó mi lára, wọ́n ń ki orí mi bọ omi ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń gbàdúrà lé mi lórí tó bẹ́ẹ̀ tí itọ́ ẹnu wọn ń ta sí mi lójú. Èébì ń gbé mi. Mo gbé e mì, nítorí mo fẹ́ ọwọ́ mi padà.

Nígbà tí mo jáde nínú omi, wọ́n fi àbẹ́là kan sí mi lọ́wọ́ òsì, wọ́n ní kí n dì í mú títí àdúrà á fi parí. Atẹ́gùn ń fẹ́. Àbẹ́là ń yọ́, ó ń kán lé mi lẹ́yìn ọwọ́, mo dúró jẹ́ẹ́, mo ń ṣe àmín. Arábìnrin kan ló ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, iná ò jó o." Gbogbo wọn yí mi ká. Wòólì gbé ọwọ́ mi sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, Ìyá ọkọ mi kúnlẹ̀ lórí iyanrìn. Èmi náà wo epo àbẹ́là gbígbóná lára mi, ara mi kò mọ nǹkan kan, omi sì bọ́ lójú mi. Mo gbà pé Ọlọ́run ti wá sí ọ̀dọ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mo dúró níwájú ìjọ, mo jẹ́rìí pé iná kan mi, kò jó mi.

Kí n tó délé lọ́jọ́ Ìsinmi náà ni ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti lé ròrò. Iná ti jó o. Èmi ni n kò mọ̀. Ìyá ní àìsàn náà ló ń gba ibẹ̀ jáde, wọ́n fi òróró àdúrà pa á, wọ́n fi aṣọ dì í. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Òórùn náà ń bá mi jẹun, ó ń bá mi sùn. Èmi tí n kì í mu nínú ife ẹlòmíràn, mo wá di ẹni tí òórùn ara rẹ̀ ń lé kúrò nídìí oúnjẹ ara rẹ̀. Mo kórìíra ọwọ́ náà bí ẹni kórìíra aládùúgbò búburú.

Ọkọ mi, Bàbá Tómi, wẹ́dà tó ń jó irin ni ní Adégbayì, iná ti jó o lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sọ̀rọ̀ sí i tẹ́lẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tí òórùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nídìí ẹ̀bà, ó tú aṣọ náà, ó wò ó, ó ní, "Iná ló jó ọ. Èwo ni ti iṣẹ́ ìyanu níbí?" Ó gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba.

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí ọ̀sán fi pọ́n. Ọmọ kan bì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi omi kan náà tí wọ́n fi nu gbogbo ilẹ̀ láti àárọ̀ nù ún, ó wá dà bí ẹni pé wọ́n fi èébì náà kun ilé. Obìnrin tó wà ní ọwọ́ òsì mi gbọ́ òórùn mi, ó sún. Mo rí i tó sún. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ wẹ ojú egbò náà rí àmì tó wà lápá mi, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ pe ọ̀gá tó ń mójú tó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ẹ̀tẹ̀.

Ọkùnrin náà ní kí n di ojú mi. Ó ní kí n máa fi ìka kan ibi tó bá ti fọwọ́ kàn mí. Òwú ìwọ̀nba ló mú, ó ń fi í kàn mí níhìn-ín, ó ń fi í kàn mí lọ́hùn-ún. Mo ń dáhùn, ó ń lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo ń retí kó tún fi kàn mí. Nígbà tí mo la ojú, òwú náà wà lórí àmì apá mi, ó ń fi í yí i ká. Ó tẹ ẹ̀yìn ìgúnpá mi, ibi tó máa ń ta wá yánnayànna bí a bá fi gbá ara ògiri, ó ní iṣan ibẹ̀ ti ki bí okùn. Ó ní, "Ẹ̀tẹ̀ ni, ìyá. Ó ní oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni."

Ohun tó ṣàlàyé fún mi nìyí, mo sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Kòkòrò kan tí ojú kò lè rí ló ń fà á. Ó máa ń gba èémí ẹni tó ní in tí kò tíì gba ìtọ́jú wọ inú ẹni tó bá a gbé pẹ́, ó sì lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ara wọn lè lé e. Iṣan tí a fi ń mọ gbígbóná, tútù àti ìrora ló máa ń bá jà. Ìka kì í kàn ṣàdédé já, egbò tí ẹni náà kò mọ̀ pé òun ní ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kì í pẹ́ tí kò fi ní lè kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Ó ní oríṣi oògùn mẹ́ta ni n ó máa lò fún ọdún kan, kí n máa wá gbé èyí tó lágbára jù mì lójú òun lóṣooṣù. Mo bi í bóyá ọwọ́ mi á padà. Ó ní iṣan náà kò tíì kú tán, kò sì fẹ́ ṣèlérí.

Bàbá Tómi gbé mi padà sílé. Ó sọ fún ìyá rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Ìyá ti fi abọ́ rọ́bà pupa kan fún mi, ti èmi nìkan, wọ́n ti kó aṣọ Tómi, ọmọ mi obìnrin, lọ sí yàrá tiwọn. Ẹ̀rù ba ọmọ náà, ó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà. Wòólì ránṣẹ́ pé mo ṣiyèméjì nígbà ìwẹ̀ keje. Ọ̀rọ̀ náà tàn dé ìsọ̀ mi kí n tó padà síbẹ̀. Ta ló fẹ́ kí ọwọ́ adẹ́tẹ̀ kan òun lórí? Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀.

Arábìnrin tó rí àbẹ́là lọ́jọ́sí wá kí mi. Kò wọlé, ojú fèrèsé ló dúró sí, ó fi ìborí bo imú. Ó ní, "Ìyá Tómi, ẹ yẹ ara yín wò o. Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ló fi gba ẹ̀tẹ̀ Náámánì." Ó ń bi mí ohun tí mo jí ni. Mo wo ẹnu rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà, ó rí mi lára ju omi ẹ̀gẹ́ lọ. Mo kórìíra òun, mo kórìíra abọ́ pupa, mo kórìíra ara mi, nítorí mo mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ òun ló wà nínú yàrá, ojú fèrèsé ni èmi náà ì bá dúró sí.

Ìbínú ló jẹ́ kí n ṣí Bíbélì. Mo fẹ́ wá èsì tí n ó fún un. Ìtàn Náámánì ni, mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹnu oníwàásù ni mo ti ń gbọ́ ọ, oníwàásù sì máa ń sáré lọ síbi odò. Mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ohun àkọ́kọ́ tó dá mi dúró ni pé ọkùnrin yìí ní ẹ̀tẹ̀, ó sì ń gbé ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ọmọ ọ̀dọ̀ wà níbẹ̀, ó ń kó ọmọ ogun jáde, ọba ń bọ̀wọ̀ fún un. N kò rí ibi tí wọ́n ti ya abọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀. Mo tún un kà, bóyá mo fò ó.

Mo dé ibi tí inú ti bí i. Wọ́n ní kó lọ wẹ̀ ní Jọ́dánì, ó ní ṣé odò ìlú tòun kò dára ju gbogbo omi Ísírẹ́lì lọ ni, ó yí padà, ó ń lọ. Wọ́n máa ń fi ibẹ̀ bá a wí pé agbéraga ni. Èmi rẹ́rìn-ín. Nǹkan ń rí òun náà lára. Ó wo omi náà, ó yọ ṣùtì sí i, Ọlọ́run kò sì pa á. Ó padà wọ inú rẹ̀, tòun ti ìríra rẹ̀, ara rẹ̀ sì mọ́.

Ibi tí mo pẹ́ sí jù, n kò gbọ́ kí oníwàásù kan dé ibẹ̀ rí. Ara ọkùnrin náà ti mọ́, ó padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Èlíṣà kó tó lọ sílé, ó wá rántí nǹkan kan. Ọba rẹ̀ máa ń lọ forí balẹ̀ ní ilé òrìṣà Rímónì, apá òun Náámánì ló sì máa ń fara tì. Ó bẹ̀bẹ̀ pé bí òun bá bá a tẹríba níbẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì òun. Èlíṣà kò bá a jiyàn, kò ní kó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀. Ó kàn ní kó máa lọ ní àlàáfíà.

Mo gbé ìwé náà lé àyà. Apá yẹn ni ọba ti ń fara tì láti ìgbà tí Náámánì ti ní ẹ̀tẹ̀. Àlàáfíà náà sì ńkọ́? Kì í ṣe ní odò ni wọ́n ti fún un. Ìgbà tó ń padà lọ sí ilé tó mọ̀ pé á máa rí òun lára, láàárín àwọn tí kò yí padà, ni wọ́n fún un. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún un pé ilé náà á dára. N kò ní purọ́ fún yín pé ọkàn mi rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Abọ́ pupa ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sùn, oorun gidi, mo sì ń ka ibẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lo oògùn.

Oògùn náà kò rọrùn. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi zóbò, ọ̀gá náà ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀, mo ṣì figbe ta. Ara mi dúdú, ó gbẹ, ó ń pa ìpẹ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn àmì náà ṣàdédé wú, wọ́n pọ́n, ẹ̀yìn ìgúnpá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí débi tí n kò lè gbé apá. Ìyá ní oògùn ìjọba ti fẹ́ pa mí. Bí irú èyí bá ṣe yín, ẹ má dá oògùn dúró, ẹ tètè padà lọ sí ilé ìwòsàn. Ọ̀gá náà ní ara mi ló ń bá òkú kòkòrò jà, ìjà náà ló ń fún iṣan pa. Ó fún mi ní oògùn mìíràn tí yóò pẹ̀tù sí wíwú náà, tí wọ́n ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Oògùn yẹn mú mi sanra lójú, ó lé oorun mi lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, ìka méjì tó ti ká bẹ̀rẹ̀ sí í nà, ọ̀kan nínú wọn kò nà tán títí di òní.

Ọdún náà pé, oògùn parí. Bàbá Tómi fúnra rẹ̀ ló ṣí ìsọ̀, ó gbé Tómi jókòó sórí àga níta, níwájú gbogbo ọjà, ó ní kí n di irun ọmọ mi. Mo dì í. Ó pẹ́, ojú irun kan wọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Àwọn oníbàárà kan ti padà, àwọn kan ń gba òdìkejì títì kọjá. Ìṣe wọn ṣì ń rí mi lára. Mo ń kí wọn.

Láàárín ìgbà náà, òjò kan rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ àgbàlá wa ń yọ̀. Ìyá fẹ́ lọ sí ilé ìwẹ̀, orúnkún kò sì jẹ́ kí wọ́n lè dá rìn lórí ẹrẹ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, aásà wà lẹ́nu wọn, wọ́n tu itọ́ dúdú sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ara mi kọ̀ ọ́. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Mo lọ bá wọn, mo na apá òsì sí wọn, tòun ti àmì tó wà lára rẹ̀. Wọ́n wò ó. Èmi náà ń wo ìdí ògiri. Mo ti pinnu pé bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, n ó máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Wọ́n fara tì í. Ìyá kì í ṣe ènìyàn kékeré, gbogbo ara wọn ni wọ́n gbé lé mi. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀ díẹ̀, wọ́n gbá apá mi mú, èékánná wọn sì wọ ojú àmì náà. Mo dúró sójú kan nínú ẹrẹ̀.

"Kí ló dé?" Ìyá bi mí.

"Èékánná yín ni, Ìyá. Ó ń dùn mí."

Wọ́n yára fẹ́ yọ ọwọ́. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí ohun púpọ̀ láyé mi, nítorí ọmọ, nítorí ọkọ, nítorí oúnjẹ, n kò dúpẹ́ nítorí ìrora rí. Mo fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ wọn mọ́ ibẹ̀. Mo ní, "Ẹ má yọ ọ́, Ìyá. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀."